Bàbá Ẹlẹ́pẹ́ńsùlù àti Títì tó Gba Orí Ilé Alhaja

Ẹ sún mọ́ra díẹ̀, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lè ríbi fìdí lé. Ẹ fi fóònù sápò. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní kánjú sọ ọ́, torí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kánjú rí láyé rẹ̀. Bàbá tó bí ìyá mi ni. Ó kú ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan lórí àga rẹ̀, lẹ́yìn tó ti fẹ́ tíì rẹ̀ títí tó fi tutù, tí kò sì tíì mu ún. A ti sin ín. Àwọn tó wá síbi ìsìnkú ti sọ èyí tó dára. Wọ́n ní kò jalè, kò bú ènìyàn, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èmi tí mo gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí èmi náà ti di ìyá àgbà báyìí, èyí tó kù ni mo fẹ́ sọ.

Bí ẹ bá sì gbọ́ tí mo ń pè é ní “ó” dípò “wọ́n”, ẹ má pè mí ní aláìmọ̀wọ̀. Mo fẹ́ kó yé yín pé ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ọmọ Okun ni, láti Kogi. Ó wà lára àwọn òṣìṣẹ́ tí ìjọba kó wá sí Abuja nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó àti àpáta. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ya ọ̀nà sórí bébà kí wọ́n tó là á sórí ilẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kọ́lé sí àdúgbò kan lábẹ́ òkè, lójú ọ̀nà tó lọ sí Bwari, ibi tí àwa Yorùbá ń pè ní Ìdí-Àpáta. Ibẹ̀ ló ti wọ òṣèlú. Ó di kánsẹ́lọ̀, ó di olórí àwọn alátakò ní káńsù wa, nígbà tó sì kù díẹ̀ kó pé ẹni ọgọ́rin ọdún, ó di alága. Bàbá Ẹlẹ́pẹ́ńsùlù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pẹ́ńsùlù kì í kúrò létí rẹ̀, ì báà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ràṣídì, ọmọ Ìlọrin tó ń tún mọ́tò ṣe ní Apo, ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ irú ẹni tí Bàbá Àgbà jẹ́. Mo gbé mọ́tò Bàbá Àgbà lọ fún un lọ́jọ́ kan torí ó ń kùn. Ó tú ìdí rẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

“Tíṣà, ẹ bá mi bi Bàbá pé kí ni jíà kẹrin ṣe fún wọn.”

“Kí ló dé?”

“Látìgbà tí wọ́n ti ń gbé mọ́tò yìí wá, jíà kìíní ti jẹ, ìkejì ti jẹ, ìkẹta ń rọra kú lọ. Ìkẹrin ń dán bíi wúrà. Wọn ò fọwọ́ kàn án rí. Kai, bàbá yìí.”

Nígbà tí mo délé, mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún lára agbádá, ó tún un wọ̀. Ó ní, “Ta ló ń lé mi?”

Nígbà tí àwọn ará ilé ọkọ mi wá tọrọ mi, Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti gbéra, ọkọ̀ kan gbáko. Alàgbà tó ṣáájú wọn sọ̀rọ̀ fún bí wákàtí kan. Ó ní àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà wa, ó yin ọgbà, ó yin ẹni tó ń bomi rin ín. Bàbá Àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìmira. Nígbà tí ọkùnrin náà dákẹ́, òun náà dákẹ́. Nígbà tó yá ó ní, “A ti gbọ́.” Wọ́n ń retí ìyókù. Kò sí ìyókù. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń ránṣẹ́, ó sì ń sọ fún ẹni tí wọ́n rán pé kó bá òun kí wọn.

Ìyá ìyá mi, ẹni tí kì í gbé ọ̀rọ̀ mì, ló jà fún mi. Ó dúró sáàárín pálọ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn.

“Ṣé ọmọ yìí ò wù ẹ́ kó lọ́kọ ni?”

“Mo ṣì ń rò ó.”

“O ò ní rò ó tán.” Ó yíjú sí wa. “Ọkùnrin yìí ò tíì sọ fún mi títí di òní pé òun fẹ́ mi. Mo kàn rí i pé mo ti bímọ mẹ́rin fún un.”

Bàbá Àgbà gbójú sókè wò ó. “Ṣé mo lé ẹ lọ?”

A rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ náà, àwa ọmọdé ilé àti Màmá Àgbà fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé a nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìwà yìí. A pè é ní ọgbọ́n. A ní ẹni tí kì í kánjú kò lè ṣìnà. Èmi gan-an ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Àwọn ará àdúgbò náà nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún un. Alága tó wà nípò nígbà náà jẹ́ ẹni tó ń lu tábìlì, tó ń lé kánsẹ́lọ̀ jáde, tó ń pe àwọn àgbàlagbà ní ọmọkọ́mọ. Bó bá bú gbogbo ènìyàn tán, Bàbá Àgbà á dìde, á nawọ́ sí etí rẹ̀ mú pẹ́ńsùlù, á ní, “Ẹ jẹ́ ká tún un wò.” Á sì jókòó. Àwọn ènìyàn á máa jáde nípàdé, wọ́n á máa ní, “Ẹ ò rí àgbà.” Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ohun tí wọ́n wá tún wò.

Ẹnì kan bèèrè ṣá o. Dáyọ̀ ni, olórí àwọn ọ̀dọ́ nínú ẹgbẹ́ wa, ọkùnrin kan tó ti gbéyàwó tó sì ti bímọ, ṣùgbọ́n nínú òṣèlú ilẹ̀ wa ọ̀dọ́ ni. Ó bá Bàbá Àgbà lábẹ́ igi máńgòrò ilé wa ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lẹ pósítà kiri pé Bàbá ń du ipò alága.

“Bàbá, ẹ má bínú. Bí mo bá yọ àwòrán yín kúrò lára pósítà yìí, tí mo fi ti alága síbẹ̀, kí ni yóò yàtọ̀?”

“Àwa ò ní jalè.”

“Ó dáa. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?”

“Ṣé ìyẹn kéré ni?”

Dáyọ̀ wò mí. Mo wò ó padà bí ìgbà tí mo bá ń wo ọmọ tó ń da kíláàsì rú, ó sì ká pósítà ọwọ́ rẹ̀, ó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Alhaja fún yín, torí òun ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Alhaja Sìkírá. Ata ló ń fi ẹ̀rọ lọ̀ fún gbogbo Ìdí-Àpáta. Ọkọ rẹ̀ kú ní kékeré, ó sì fi ẹ̀rọ yẹn kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin, búlọ́ọ̀kù díẹ̀ lọ́dún yìí, búlọ́ọ̀kù díẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ilé ìdáná rẹ̀ ló kọ́ gbẹ̀yìn, ó sì fi fèrèsé ńlá méjì sí i, torí ó ní èéfín ti jẹ ojú òun tó láyé. Ilé rẹ̀ wà lára ìlà ilé kan tó dojú kọ tiwa, pápá kékeré kan ló là wá láàárín.

Ó fẹ́ràn kó máa fi Bàbá Àgbà ṣeré. Á kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa tòun ti báàkẹ́ẹ̀tì ata, á ní, “Bàbá Ẹlẹ́pẹ́ńsùlù, ẹ ò ní í kú o. Ẹ ò tíì pinnu.” Òun nìkan ni mo rí tó mú kí bàbá yẹn rẹ́rìn-ín tó fi ń wúkọ́.

Alága tó ń lu tábìlì ló gbé ètò títì tuntun jáde. Títì náà máa gba orí ìlà ilé Alhaja kọjá tààrà. Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri gbogbo wọn. Gbogbo àdúgbò gbóná, ìbò sì ti sún mọ́lé. Alhaja ló wá kó àwọn obìnrin jọ fún ẹgbẹ́ wa. Ó ń ti ojúlé dé ojúlé, ó ń sọ Yorùbá fún Yorùbá, ó ń fi Haúsá bá àwọn Gbàgyí tó ni ilẹ̀ náà sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń bèèrè lọ́wọ́ Bàbá Àgbà: kí títì má gba orí ilé àwọn.

Bàbá Àgbà sì ní ìdáhùn rẹ̀ nílé. Èyí ló ń mú kí inú máa bí mi jù. Ó ti ya ọ̀nà míràn sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń lò, ọ̀nà tó yí gba ẹ̀yìn àpáta, tí kò fọwọ́ kan ilé ẹnikẹ́ni. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì oúnjẹ wa, ó pe Alhaja wá wò ó. Alhaja fi ìka tọ ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó rọra ń tọ̀ ọ́ bí ẹni tó ń wo ọgbẹ́ tó ti jinná.

“Bàbá, pẹ́ńsùlù lẹ fi yà á.”

“Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bẹ̀rẹ̀.”

“Ẹ fi yíǹkì sí i. Ẹ gbé e jáde kí ayé rí i.”

“Ó kù díẹ̀. Ṣé o rí igun yìí? Ilẹ̀ ọ̀gá ẹgbẹ́ wa kan ni, ó ń gbé ní Maitama. Ọ̀nà yìí á gé e díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wọlé ìbò ná, màá lọ rí i.”

“Ilẹ̀ tí koríko nìkan wà lórí rẹ̀.”

“Koríko náà ní ẹni tó ni ín, Alhaja.”

Mo ní láti ṣàlàyé ohun kan níbí. Ní ọ́fíìsì tí Bàbá Àgbà ti ṣiṣẹ́, pẹ́ńsùlù àti yíǹkì kì í ṣe ẹgbẹ́. Ìlà tí wọ́n bá fi yíǹkì fà, àṣẹ ni. Ìlà pẹ́ńsùlù túmọ̀ sí pé ọ̀gá ṣì ń ronú, níwọ̀n ìgbà tó bá sì wà lórí tábìlì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ṣọ́bìrì. Ó kọ́ mi ní èyí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó sì gbà á gbọ́ bí ó ti gba Bíbélì gbọ́.

Ọjọ́ ìpolongo dé. Pápá ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni ni a lò. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ará ìlú bèèrè ọ̀rọ̀, Alhaja gba máìkì.

“Bàbá, ẹ kú ìjókòó. Mo fẹ́ bi yín níwájú gbogbo ènìyàn. Bí ẹ bá wọlé, ṣé títì yìí máa gba orí ilé wa ni, àbí kò ní í gba ibẹ̀? Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́.”

Mo jókòó sẹ́yìn Bàbá Àgbà, mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ lọ sí etí, tó sì padà sí itan. Àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ láti Maitama wà lórí pèpéle náà pẹ̀lú wa.

Ó ní, “A ó yẹ̀ ẹ́ wò.”

Àwọn olórin bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́, torí ìlù ti dún. Alhaja bá mi lẹ́yìn kíláàsì. Kò bínú. Ẹ̀rù ló ń bà á.

“Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ bàbá yín. Kí ni wọ́n sọ fún mi yẹn?”

“Alhaja, ẹ fọkàn balẹ̀. Bàbá mi kì í sọ ohun tí kò ní ṣe. Bó ṣe ń sọ ‘bẹ́ẹ̀ ni’ nìyẹn.”

Ó gbà mí gbọ́. Èmi ni mo kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìwé kíkà. Ó so ìborùn rẹ̀ le, ó padà sáàárín àwọn obìnrin, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe ń sọ fún wọn pé Tíṣà ti dúró fún un. Nínú gbogbo gbólóhùn tí mo ń kó jọ síbí, tèmi yẹn ló ń dùn mí jù.

A wọlé. Ní ìlà ilé Alhaja, kò sí ẹyọ ìbò kan tó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tọ̀hún.

Mo fẹ́ ṣe òótọ́ sí òkú. Kò jalè. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde lásìkò. Kò sẹ́ni tó lu tábìlì mọ́. Ìpàdé ń lọ ní ìrọ̀rùn. Ètò títì náà sì wà nílẹ̀ bí àwọn tó kúrò ṣe fi í sílẹ̀, orúkọ agbaṣẹ́ṣe kan náà, ọ̀dà pupa kan náà.

Mo fi mọ́tò gbé Bàbá Àgbà lọ sí Maitama lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ni koríko. Mo dúró nínú mọ́tò. Nígbà tó jáde, ó ní, “Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn Àjíǹde.” Àjíǹde kọjá, wọ́n ní ọ̀gá ti lọ sókè òkun. Alhaja ń wá sílé wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bàbá Àgbà á fún un ní omi tútù, á ní kó fọkàn balẹ̀, pé òun ti fi bébà òun sórí fáìlì títì náà ní ọ́fíìsì, lókè pátápátá, níbi tí ojú gbogbo ènìyàn ti lè tó o. “Pẹ́ńsùlù wà lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ṣe nǹkan kan.”

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Alhaja pè mí. Mo wà níwájú pátákó. N kò gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa, ẹ̀rọ ńlá kan ló ń bú lẹ́yìn rẹ̀. Mo pe Bàbá Àgbà.

“Bàbá, katapílà ti dé Ìdí-Àpáta.”

“Kò ṣeé ṣe.”

“Alhaja ló pè mí, mo gbọ́ ariwo rẹ̀.”

“Àdùkẹ́, mo ní kò ṣeé ṣe. Pẹ́ńsùlù wà lórí fáìlì.”

Mo sáré kúrò níléèwé. Nígbà tí mo débẹ̀, Alhaja àti àwọn aládùúgbò ti gbé ẹ̀rọ ata jáde, Alhaja sì jókòó tì í lórí ilẹ̀. Yàrá méjì ti lọ. Mo rí ilé ìdáná náà bó ṣe ṣubú, fèrèsé méjèèjì papọ̀. Bàbá Àgbà dé lẹ́yìn ìyẹn, mọ́tò rẹ̀ ń rọra bọ̀. Ẹnjiníà káńsù wà níbẹ̀, ọmọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan tó ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán. Bàbá Àgbà na ọwọ́ sí katapílà.

“Ta ló pàṣẹ èyí?”

“Àwòrán tó wà nínú fáìlì ni, sà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọ́n ti buwọ́ lù ú láti ìjọba àná. Kò sẹ́ni tó pa á rẹ́.”

“Bébà tí mo fi sórí rẹ̀ ńkọ́?”

Ọmọ náà ronú. “Èyí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn? Ẹ má bínú, sà. Ó jọ pé ẹnì kan fi ń dán pẹ́ńsùlù wò. Mo yọ ọ́ kúrò kí fáìlì lè mọ́.”

Kò purọ́. Níbo ni yóò ti mọ̀? Àwọn tó mọ òfin pẹ́ńsùlù ti kú tán tàbí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Bàbá Àgbà nìkan ló kù tó rò pé àìpinnu òun lè dá ẹ̀rọ dúró.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, mo dúró. Mo fẹ́ kó sọ nǹkan. Ó fẹ́ ọbẹ̀ náà tutù. Ó ní, “Mi ò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni.”

Òótọ́ ni. Kò ṣèlérí fún wa rí, àwa la ṣe é fúnra wa lórúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ohun tí a dìbò fún: ọkùnrin rere tó jókòó sórí àga ènìyàn burúkú, tí kò sì fọwọ́ kan ohunkóhun tó bá níbẹ̀.

Nígbà tí ìbò mìíràn dé, àwọn obìnrin kò jáde. Wọn ò dìbò fún tọ̀hún, wọn ò dìbò fún tiwa. Ó pàdánù, kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣe àríyànjiyàn. Ó ní, “Wọ́n máa padà wá.” Ó wà láyé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, wọn ò padà wá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo bi í léèrè, nígbà tí àìsàn ti dé é, ìdí tí kò fi fi yíǹkì fa ìlà kan ṣoṣo yẹn. Ó ní, “Mo rò pé àyè ṣì wà.”

Báyìí ni ogún ṣe pín. Àbúrò mi Fẹ́mi gba mọ́tò. Àwọn ìwé rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹgbẹ́ òṣèlú di ti Dáyọ̀, òun ni wọ́n ń pè ní olórí alátakò báyìí. Ó wá síbi ìsìnkú, mo sì bi í ní ohun tó máa ṣe fún àwọn tí ilé wọn lọ. Ó kọ́kọ́ wo àwọn tó tẹ̀ lé e. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sin Bàbá ná.”

Ilé di tèmi. Ilé tó wà lẹ́yìn pápá tẹ́lẹ̀ ti wá di ilé ojú títì, àwọn ènìyàn sì ń kan ilẹ̀kùn lójoojúmọ́ pé kí n fi yàrá iwájú ṣe ṣọ́ọ̀bù fún àwọn. N kò fún ẹnikẹ́ni. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí Alhaja ti ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, nínú yàrá kan. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó dá mi mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

“Tíṣà. Ẹ kú ìrọ́jú bàbá. Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ wọn.”

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ ohun tí mo bá wá. Mo ní yàrá iwájú ilé wa ti di tirẹ̀ láti òní lọ, títí ayé, pé kó padà wá, pé ẹ̀rọ ata rẹ̀ á gbà síbẹ̀ dáadáa.

Ó gbọ́ mi tán. “Yàrá tó kọjú síbo?”

“Sí títì, mà.”

“Bí mo bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, kí ni màá máa wò?”

Òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn.

“Ilé ìdáná mi ni. Màá jókòó síbẹ̀, màá máa wo tírélà bó ṣe ń gba inú ilé ìdáná mi kọjá.”

Kò gbé ohùn sókè. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ bu omi fún mi, ó bèèrè àwọn ọmọ mi ní orúkọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dìde, ó sìn mí dé ẹnu géètì, ó di ọwọ́ mi mú.

“Ẹ̀yin ni wọ́n fi ilé yẹn sílẹ̀ fún, Tíṣà. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa wò ó.”

Mo ti padà délé. Mo ṣí yàrá iwájú sílẹ̀, mo gbé àga kan sẹ́nu ọ̀nà. Mo ń wò ó.